Kí Òfin Ínfọ́ìsì Orí Ẹ̀rọ Tó Dé Ọ̀dọ̀ Oníṣòwò Kékeré

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí òfin tó ní kí àwọn oníṣòwò máa fi ẹ̀rọ kọ ínfọ́ìsì (ìwé tó ń sọ ọjà tí a tà àti iye owó rẹ̀), kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ sí àjọ tó ń gba owó orí kí ó tó dọ́wọ́ ẹni tó rajà. Ìwé ìṣirò owó àwọn oníṣòwò ni mo ń bá wọn tọ́jú níhìn-ín ní Abẹ́òkúta: àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin lọ́nà Lafẹ́nwá, àwọn atẹ̀wé ní Òkè-Ìlèwó àti Ìbarà, àti àwọn díẹ̀ tó ń kó àdìrẹ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn láti Ìtòkú. Òfin yìí dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá jẹ́ kí ó kan oníṣòwò kékeré àti alábọ́dé kí irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó wà nílẹ̀, irinṣẹ́ tó ṣeé lò lórí fóònù lásán ní èdè tí wọ́n gbọ́, ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa yóò ju owó ìtanràn lọ. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni yóò bọ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin náà jẹ́, nítorí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ní ọjà Kútọ̀ yàtọ̀ gédégédé sí ohun tó wà nínú ìwé. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun mẹ́rin, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ni ètò owó orí tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀. Àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, tí a mọ̀ sí FIRS tẹ́lẹ̀, ti di NRS. Kí àwọn òfin náà tó jáde pàápàá ni àjọ yìí ti dá pẹpẹ kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní MBS, tí wọ́n sì kọ́kọ́ pe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sí i, ìyẹn àwọn tí ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún bá tó bílíọ̀nù márùn-ún náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n dá fún wọn. Nígbà tí ó hàn pé ọ̀pọ̀ kò tíì múra tán, wọ́n sún un sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ìṣirò owó tirẹ̀, tó ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n tún bù lé ọjọ́ rẹ̀.

Bí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó tajà yóò kọ ínfọ́ìsì sórí ètò kọ̀ǹpútà tó bá ti àjọ náà mu, ètò yìí yóò fi í ránṣẹ́ sí pẹpẹ àjọ, pẹpẹ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì fọwọ́ sí i. Ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan yóò wá ní nọ́ńbà tirẹ̀, òǹtẹ̀ orí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà, àti àmì onígun mẹ́rin tí èèyàn lè fi fóònù yẹ̀ wò, tí a mọ̀ sí QR code. Lẹ́yìn èyí ni ó tó di ìwé tí ẹni tó rajà lè tẹ́wọ́ gbà. Bí ó ti rí nìyẹn láàárín ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, àti láàárín ilé iṣẹ́ sí ìjọba. Ti ọjà tí a tà fún aráàlú tí ń ra ti ara rẹ̀, ẹ̀yìn títà ni a ń fi tó àjọ létí, láàárín wákàtí 24.

Ohun tí ojú mi ń rí nídìí iṣẹ́ ló jẹ́ kí n fara mọ́ òfin yìí. Owó orí ọjà, ìyẹn VAT, jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó rajà ló ń san án, oníṣòwò kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Àwọn kan wà tó ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà tí wọn kì í fi ránṣẹ́. Àwọn mìíràn ń wá ínfọ́ìsì lófìfo, wọ́n á kọ iye tó wù wọ́n sínú rẹ̀ láti fi dín owó orí tiwọn kù. Olóòótọ́ tó ń san tirẹ̀ ni ọjà rẹ̀ ń wọ́n ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun yìí kan náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ owó orí máa ń kọ́kọ́ kàn lára, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tó tà àti ẹni tó rà bá lè yẹ ínfọ́ìsì kan náà wò lójú òpó kan náà, irú ìwà bẹ́ẹ̀ yóò dín kù.

Èrè kan tún wà níbẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àwọn aṣojú wa kì í sọ tó bó ṣe yẹ. Lábẹ́ òfin tuntun, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó VAT ni ìjọba àpapọ̀ ń mú, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú ìdá 55, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ń mú ìdá 35. Nígbà tí a bá wá ń pín ti àwọn ìpínlẹ̀ láàárín ara wọn, ìdá 30 nínú rẹ̀ ni a ó fi wo ibi tí wọ́n ti lo ọjà náà. Tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí àwa ará Abẹ́òkúta ń san lórí ọjà ni wọ́n máa ń kọ mọ́ ibi tí olú ilé iṣẹ́ wà, Èkó ló sì sábà máa ń jẹ́. Ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ tó gbé àdírẹ́sì ẹni tó rajà ni ẹ̀rí tó lè jẹ́ kí owó orí ohun tí wọ́n lò ní Ìdí-Àbà wọ àpò Ògùn, kó má wọ àpò ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò wa yóò fi sá fún òfin ni mo ń wá.

Ohun tí ń kọ mí lóminú ni èrò tí ọ̀pọ̀ ní pé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò tíì kàn wá. Ó ti kàn wá. Ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé tí mo ń bá ṣírò owó ti ń tẹ páálí ọjà àti kàlẹ́ńdà fún ilé iṣẹ́ ńlá kan láti ìgbà pípẹ́. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ wọn pé láìpẹ́, ẹni tí kò bá lè fún wọn ní ínfọ́ìsì tó gba orí pẹpẹ àjọ kọjá kò ní sí lára àwọn tí wọn yóò máa gbéṣẹ́ fún. Òfin kò tíì dárúkọ atẹ̀wé yìí, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ ló sọ òfin di tirẹ̀. Mi ò sì lè dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, òfin ti gba ilé iṣẹ́ láyè láti gba VAT tí ó san lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un àti lórí ohun èlò padà, kì í ṣe lórí ọjà tí ó rà láti tún tà nìkan. Ẹni tó fẹ́ gba owó yẹn padà ní láti mú ínfọ́ìsì tó péye wá. Báyìí ni ẹrù tí wọ́n gbé lé ẹni ńlá lórí ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹni tó ń bá a ṣòwò, láìsí pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ni kékeré ta ni ńlá pàápàá gba àròjinlẹ̀. Òfin ka ẹni tí ìtajà rẹ̀ lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 100 náírà lọ, tí dúkìá ìṣòwò rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 250 lọ, mọ́ oníṣòwò kékeré. Ẹni tó bá gbọ́ mílíọ̀nù 100 yóò ní owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì. Bí a bá ní àpò kan jẹ́ 10,000 náírà, tí tírélà kan gbé 600 àpò wá láti Ewékorò, mílíọ̀nù mẹ́fà náírà nìyẹn. Bí ó bá ń ta tírélà méjì lọ́sẹ̀, ìtajà rẹ̀ lọ́dún yóò lé ní mílíọ̀nù 620. Bí èrè orí àpò kan bá jẹ́ 200 náírà, gbogbo èrè ọdún náà kò pé mílíọ̀nù 13, kí a tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó àwọn alábàárù, owó epo, àti owó ọmọ tó ń bá a tajà. Owó tó gba ọwọ́ onísìmẹ́ńtì kọjá pọ̀, èyí tó dúró lọ́wọ́ rẹ̀ kéré. Lójú òfin, kì í ṣe oníṣòwò kékeré mọ́. Ní ti agbára láti ra ètò kọ̀ǹpútà, kí ó sì gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa lò ó, oníṣòwò kékeré ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láti so oníṣòwò pọ̀ mọ́ pẹpẹ náà wà, ṣùgbọ́n òwò ni tiwọn náà ń ṣe, owó ni wọ́n ń gbà.

Ẹni tó fẹ́ mọ bí ìrìn náà ti jìn tó, kí ó ṣí ìwé ínfọ́ìsì kan wò lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù ní Lafẹ́nwá. Ewé funfun wà lókè, ewé pupa rẹ́súrẹ́sú wà lábẹ́ rẹ̀, kábọ́ọ̀nù tó ti gbó wà láàárín. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni “Ìyá Aṣèrò, àpò 50, ó san 300,000, ó ku 200,000”, tàbí “Bíríkìlà Ìdí-Àbà, irin 12, owó pé”. Ẹni tó kọ ọ́ mọ Ìyá Aṣèrò, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí yóò san èyí tó kù. Àmọ́ pẹpẹ àjọ kò mọ Ìyá Aṣèrò. Ohun tí pẹpẹ ń béèrè ni orúkọ tó wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìṣòwò rẹ̀, nọ́ńbà owó orí rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, irú ọjà náà, iye rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye VAT orí rẹ̀, àti àwọn nǹkan mìíràn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà àwìn ńkọ́, tó jẹ́ pé owó rẹ̀ lè má wọlé títí oṣù mẹ́ta, nígbà tí ínfọ́ìsì rẹ̀ ti wà lójú àjọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́? Àpò sìmẹ́ńtì tó ti dì tí oníbàárà dá padà ńkọ́? Lónìí, a ó fi bírò fa ìlà lé e, a ó kọ òmíràn. Lórí ẹ̀rọ, ínfọ́ìsì tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ kò ṣeé fa ìlà lé. Ìwé mìíràn ni èèyàn gbọ́dọ̀ kọ láti fi ṣàtúnṣe rẹ̀. Gbogbo èyí ṣeé kọ́, mo sì ti rí àwọn ìyá tí kò kàwé púpọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù gba owó, tí wọ́n ń fi í sanwó láìsí ìṣòro. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kọ́ wọn, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì. Nígbà tó jẹ́ pé àjọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ínfọ́ìsì kí ẹni tó rajà tó lè gbà á, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, òwò dúró nìyẹn. Tírélà wà lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ ń yọ wá lẹ́nu, iná kò sí, dátà kò ṣiṣẹ́. Kí ni kí oníṣòwò ṣe? Bí ó bá já ẹrù láìkọ ínfọ́ìsì, òfin mú un. Ìtanràn 200,000 náírà wà nínú òfin fún ẹni tí kò bá lo ètò náà, kí a tó ka owó orí tó jẹ àti èlé orí rẹ̀ mọ́ ọn. Onísìmẹ́ńtì tí mo ṣírò tirẹ̀ lókè yìí, 120,000 náírà ni èrè rẹ̀ lórí odindi tírélà kan.

Ìlú wa kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ owó orí. Owó orí tí ìjọba amúnisìn gbé lé àwọn Ẹ̀gbá lórí wà lára ohun tó dá Ogun Àdùbí sílẹ̀ ní ọdún 1918. Nígbà tó di apá ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn obìnrin ọjà, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣaájú wọn, dìde lórí owó orí àwọn obìnrin, títí Aláké Ademola Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé wọ́n ń sanwó láìsí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó lè sọ̀rọ̀ fún wọn. Mi ò fi òfin òní wé ti ìgbà náà, nítorí àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn ló ṣe èyí, fún ire ìlú ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo rí kà lórí ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi tí mo fi ìṣirò owó ṣe iṣẹ́ náà sì ní láti tún un kà kí ó tó yé mi. Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859. Bí a bá lè fi Yorùbá tẹ ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà yẹn, kò sí àwáwí kankan tí àjọ owó orí lè ṣe lónìí tí kò fi ní fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ṣàlàyé òfin tó ní ìtanràn nínú.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣáájú wa lórí ètò yìí ti fi ọ̀nà hàn. Ítálì sọ ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ di dandan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn kéré jù sílẹ̀. Oṣù keje ọdún 2022 ni ó tó kan apá kan nínú wọn, ó sì di ọdún 2024 kí ó tó kan gbogbo wọn, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ti àwọn ńlá. Àjọ owó orí wọn fúnra rẹ̀ ló ṣe áàpù àti ojú òpó ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ ínfọ́ìsì. Ní Kẹ́ńyà, láti ọdún 2024, ilé iṣẹ́ kò lè yọ ìnáwó tí kò ní ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ lẹ́yìn kúrò nínú èrè tí wọ́n fẹ́ bu owó orí lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí atẹ̀wé mi ni wọ́n sọ di òfin níbẹ̀. Àmọ́ àjọ tiwọn ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ju alátẹ̀ lọ: yóò tẹ *222#, yóò sì kọ ínfọ́ìsì rẹ̀ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì wo bí ẹrù náà ti ń yára sọ̀ kalẹ̀ ní Íńdíà. Oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n fi àwọn tí ìtajà wọn ju bílíọ̀nù márùn-ún rúpíì lọ bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi di oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ti kan àwọn tó ju mílíọ̀nù 50 rúpíì lọ. Ọdún mẹ́ta péré ló gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìtajà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àwọn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé tiwa ṣì jìnnà ní Nàìjíríà, kí ó ro ìyẹn wò.

Ohun tí mo ń bẹ àjọ NRS fún ni pé kí wọ́n gbé irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó fi ìtanràn kan oníṣòwò tí ìtajà rẹ̀ kò tó bílíọ̀nù kan náírà, kí irinṣẹ́ náà ṣeé fi fóònù alátẹ̀ lò, kí ó lè tọ́jú ínfọ́ìsì pamọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí, kí ó sì fi í ránṣẹ́ nígbà tí ó bá padà dé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, ní èdè Yorùbá, ohun tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ ṣe lọ́jọ́ tí pẹpẹ wọn fúnra rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kí ó sì di ohun tí ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní san ìtanràn kankan lé lórí. Ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ láyè tó tó, irú èyí tí ìjọba fún àwọn fúnra wọn ní ọdún 2025, kí wọ́n tó yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìwé wọn.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìdá 30 tí mo sọ lókè, tiwọn ni wọ́n ń jà fún bí wọ́n bá ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò wa kò tilẹ̀ ya owó orí ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá, wọ́n ní “àwọn onítáàsì ti dé”. Kí ìpínlẹ̀ bá àjọ náà ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ọjà wa gan-an, kì í ṣe ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń pín ìwé tí a kò ní kà. Àwọn ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ onísìmẹ́ńtì, onírin àti atẹ̀wé wà, wọ́n sì mọ bí a ti ń pe ìpàdé. Kí àwọn tí wọ́n bá rán sí wa wá sí Kútọ̀ àti Lafẹ́nwá, kí wọ́n mú fóònù alátẹ̀ dání, kí wọ́n kọ ínfọ́ìsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níṣojú wa, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀ náà kọ tiwọn kí wọ́n tó lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùṣírò owó kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.